Mo Sọ fún Un Pé Omi Náà Kò Rùn

Corinne ìyàwó mi kú ní oṣù kẹta ọdún tó kọjá. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni.

Gbogbo ẹni tó wá síbi ìsìnkú rẹ̀ ló ń dì mí lọ́wọ́ mú, tí wọ́n ń sọ pé ọkọ rere ni mí. Wọ́n ní mo tọ́jú rẹ̀ dé òpin. Mo ń mi orí bí ẹni tó gbà.

Ohun tí mo fẹ́ kọ síbí yìí, wọn kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bá mi kẹ́dùn. Ẹ kọ́kọ́ kà á tán.

Alden Pruitt ni orúkọ mi. Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí tí èmi àti Corinne kó kúrò ní ìlú ńlá, tí a ra ilẹ̀ gbígbẹ kan tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́, ní àfonífojì San Luis, ní gúúsù Colorado. Kò sí wáyà iná níbẹ̀, kò sí páìpù omi. Afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀, àti yìnyín, àti òkè lọ́tùn-ún lósì.

Táyà àlòkù la fi kọ́ ilé wa. Táyà ẹgbẹ̀rin ó lé. A ń rọ iyẹ̀pẹ̀ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì ń fi òòlù ńlá gún un títí yóò fi le bí òkúta. Corinne gún ju ìdajì lọ. Gíláàsì ni gbogbo iwájú ilé, kí oòrùn lè máa wọlé wá bá wa nígbà òtútù. Sólà ló ń tan iná wa. Bílì kankan kì í wá sílé wa, a sì máa ń fi ìyẹn yangàn fún gbogbo èèyàn tó bá fẹ́ gbọ́.

Ilé búrẹ́dì ni Corinne ti ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún kí a tó wá síbẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tí imú rẹ̀ mú tó tirẹ̀. Ó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kó sọ pé, "Mílíìkì inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, ọ̀la ni yóò kan." Ní ọ̀la, yóò kan.

Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Corinne, mi ò lè parọ́ fún ọ láé. O máa gbọ́ òórùn ẹ̀ ni."

Ó ní, "Gbìyànjú ẹ̀ wò."

Omi òjò la ń mu lọ́dọ̀ wa. Ó ń bọ́ sórí òrùlé, gọ́tà ń gbé e lọ sínú tánkì, ó ń gba inú asẹ́ wá sínú ilé. Oṣù keje àti oṣù kẹjọ ni òjò gidi ń rọ̀. Ohun tí èèyàn bá gbà nígbà náà ló máa gbé e dé ìgbà tí yìnyín bá yọ́. Ẹni tí kò bá rí omi gbà, ọkọ̀ ni yóò máa fi pọn omi láti ìlú ní gbogbo ìgbà òtútù, lórí ọ̀nà tó kún fún ẹrẹ̀ àti yìnyín.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, òtútù ti la tánkì wa ńlá. Ó sán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kò gbà. Mo bèèrè tuntun ní ìlú, wọ́n ní kí n dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Eloy Maestas, aládùúgbò wa, wá kí wa ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Bàbá àgbà ni. Inú bọ́ọ̀sì ilé ìwé àtijọ́ ló ń gbé, òun àti ewúrẹ́ mẹ́ta. Don Eloy ni gbogbo wa ń pè é láti fi bọ̀wọ̀ fún un. Ó gbé ojú sókè.

"Alden, ṣé o rí ìkùukùu yẹn?"

"Mo rí i, Don Eloy."

"Ọjọ́ mẹ́ta. Tó bá pẹ́ jù, mẹ́rin. Inú kí lo fẹ́ gbà á sí? Inú fìlà ẹ?"

Corinne bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Wẹ́dà ni mí, ọwọ́ mi ni mo fi kọ́ ilé yẹn, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mi bí ẹni tí kò lè bu omi fún ìyàwó rẹ̀ mu.

Ní ọjọ́ kejì mo wa ọkọ̀ lọ sí apá ibi tí wọ́n ti ń gbin ọ̀dùnkún. Wọ́n máa ń ta tánkì àlòkù níbẹ̀, èyí onírọ́bà funfun onígun mẹ́rin tí irin yí ká bí àgò adìyẹ. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ramiro ló ń tà á.

Ní àdúgbò wa, bí ẹnìkan bá gbé tánkì àlòkù kọjá, a kì í bèèrè iye tó rà á. Ohun tí gbogbo èèyàn ń bèèrè kí wọ́n tó kíni pàápàá ni, "Kí ló ti wà nínú ẹ̀?" Èyí tó ti gbé oyin rí, tàbí òróró, tàbí jíùsì, a lè mu omi inú rẹ̀. Èyí tó bá ti gbé nǹkan mìíràn, a kàn fi ń bomi rin igi ni. Ọmọdé ọlọ́dún mẹ́fà pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo bi Ramiro léèrè.

Ó ní, "Ọṣẹ ni. Èyí tí wọ́n ń pò mọ́ oògùn tí wọ́n fi ń pa koríko oko. Wo lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀. Fi bomi rin igi o, ọ̀gá. Má gbé e sẹ́nu."

"Mo ti gbọ́."

"Ṣé o ní èèyàn nílé?"

"Ìyàwó mi."

"Sọ fún un."

"Màá sọ fún un."

Mo fẹ́ sọ fún un. Nígbà tí mo ń so tánkì náà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, igi ni mo ní lọ́kàn lóòótọ́. Àmọ́ bí mo ṣe ń lọ lójú ọ̀nà, mo rí i pé òkè ti dúdú. Òjò kò ní dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ẹnikẹ́ni.

Mo yà síbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Mo fi omi gbígbóná àti fínígà fọ inú tánkì náà lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà mo yọ ọ̀bẹ àpò mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha lébẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀.

Gọ́ọ̀mù rẹ̀ le. Ó gbà mí ní àkókò púpọ̀, àtàǹpàkò mi ṣẹ̀jẹ̀. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe pé nǹkan ṣèèṣì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ní gbogbo àsìkò tí mo fi ń ha á, mo lè dúró. N kò dúró.

Corinne wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo dé.

"Ó dára o! Kí ló ti wà nínú ẹ̀?"

"Jíùsì ápù," ni mo wí.

Ó gun orí irin, ó ti orí bọ ẹnu tánkì, ó fa imú.

"Fínígà."

"Èmi ni mo fi fọ̀ ọ́."

"O ti ṣe é dáadáa." Ó sọ̀kalẹ̀, ó fi ẹnu kàn mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Mo mọ̀ pé o máa rí ọgbọ́n kan dá sí i."

Òjò dé ní ọjọ́ kejì. A jáde síta, a dúró nínú rẹ̀ bí ọmọdé, aṣọ wa lẹ̀ mọ́ wa lára, à ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà gbùùgbùù sínú tánkì. Mo sọ fún ara mi pé tí ilé ìtajà bá ti pè mí, màá gbé tánkì tuntun wá, màá da èyí sí ìdí igi, ọ̀rọ̀ á sì tán.

Ọ̀sẹ̀ kejì, a jókòó síwájú gíláàsì ní òwúrọ̀, Corinne gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ kúrò lẹ́nu.

"Alden, omi yìí ń rùn."

"Òórùn kí ni?"

"Bí ọṣẹ. Rárá. Bí rọ́bà tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀, tí wọn ò ṣan."

Èmi náà ti gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ mu ún ni mo ti gbọ́ ọ. Mo gba kọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀, mo mu ún tán lójú rẹ̀, mo nu ẹnu.

"Omi ni. Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Ilé ìtajà pè ní ọ̀sẹ̀ kẹta. "Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, tánkì yín ti dé." Orí òkè tí fóònù ti máa ń gbé ni mo dúró sí. Mo ronú bí mo ṣe máa gbé e wálé. Corinne á ní, kí ló dé tí o fẹ́ da odindi tánkì omi òjò nù, ìgbà tó jẹ́ pé jíùsì ápù ló ti wà nínú ẹ̀ rí? Kí ni màá sọ?

Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n tà á fún ẹlòmíràn.

Corinne kò dákẹ́. Ó pààrọ̀ asẹ́. Ó fọ gọ́tà. Ó se omi náà, ó ní òórùn rẹ̀ tún pọ̀ sí i. Nígbà tó yá, ó bu kọ́ọ̀bù kan, ó gbé e lọ bá Don Eloy, èmi náà sì tẹ̀ lé e nítorí ẹ̀rù ń bà mí.

"Don Eloy, ẹ bá mi gbóòórùn omi yìí."

Bàbá náà fi imú kàn án. Ó mu díẹ̀. Ó wo ojú mi, ó wo ojú Corinne.

"Omi ni."

"Kò rùn?"

"Ọmọ mi, ewúrẹ́ mẹ́ta ni mo ń bá sùn nínú bọ́ọ̀sì. Ṣé o rò pé mo ṣì ní imú?"

Mo ní, "O rí i, Corinne?"

"Kí ni mo rí? Ẹni tí kò gbọ́ òórùn òbúkọ lo fi ṣe ẹlẹ́rìí."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ náà. Bí ó bá yí ojú padà nídìí omi, màá ní, "Imú ìlú ńlá ti dé o! Ẹ bá wa ra omi onígò fún ìyálóde." Ó máa ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ní oṣù kẹwàá ni mo ṣe èyí tó burú jù.

A ń sun ata tútù lórí iná níta, Corinne ń bó èèpo rẹ̀. Ooru máa ń mú un lójijì nígbà yẹn, kì í sùn dáadáa, dókítà sì ti sọ fún un pé ọjọ́ orí ni. Ó kàn gbé orí sókè, ó ní, "Alden, mo mọ̀ pé o ti gbọ́ ọ sú. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú omi yẹn."

Ó ti sú mi lóòótọ́. Irọ́ yẹn ń wúwo sí i lójoojúmọ́, òun sì ni mò ń bínú sí.

Mo ní, "Corinne, kì í ṣe omi. Ìwọ ni. Ọjọ́ orí ẹ ni. Ooru tó ń mú ẹ, àìsùn, kí nǹkan máa yí padà lẹ́nu. Inú orí ẹ ló wà."

Ó fi ata sílẹ̀. Ó wò mí pẹ́.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ lo rò?"

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa," ni ó wí, ó sì tún mú ata.

Kò dárúkọ omi mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo gbọ́ ọ lórí òkè tó ń bá Maxine ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Alden ní inú orí mi ló wà. Ó ṣeé ṣe. Ṣé o rántí bí màmá náà ṣe ṣe nígbà tí wọ́n dé ọjọ́ orí yìí?"

Mo yí padà, mo sọ̀kalẹ̀ kí ó má baà rí mi.

Ní ìgbà òtútù yẹn, ó gbé mílíìkì wá bá mi ní òwúrọ̀ kan.

"Bá mi gbóòórùn ẹ̀. Ṣé ó ti kan?"

Mo wo obìnrin tó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kó mọ mílíìkì tó máa kan ní ọ̀la. Mo fi imú kàn án. Ó ti kan láti ọjọ́ mẹ́ta.

"Ó ti kan."

"Mo rò bẹ́ẹ̀. Mi ò kàn gbọ́kàn lé ara mi mọ́ ni."

Ọ̀rọ̀ náà wá dé eyín mi. Ìwọ lo jàre, Corinne. Omi náà ń rùn. Gbólóhùn kékeré ni. Mo la ẹnu.

Mo ní, "Jẹ́ kí n dà á fún ajá wa."

Nígbà tí yìnyín yọ́, mo rí i pé apá rẹ̀ ti tín-ín-rín. Oúnjẹ rẹ̀ ti kéré. Bẹ́líìtì rẹ̀ sì ń há a, bí ẹni pé ikùn rẹ̀ kì í ṣe ti ara yòókù. Mo bi í pé, "Ṣé ara ẹ le?" Ó ní ara òun le. Mo gbà bẹ́ẹ̀, torí pé ó rọrùn láti gbà.

Oṣù keje tún dé. Don Eloy fẹ́ tánkì fún ewúrẹ́ rẹ̀, mo sì ti júwe Ramiro fún un láìronú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, ọkọ̀ kan dúró níwájú ilé wa. Ramiro ni. Ó fẹ́ bèèrè ọ̀nà bọ́ọ̀sì Don Eloy.

Mo wà lórí òrùlé, mò ń nu sólà. Kí n tó débi àkàbà, Corinne ti jáde.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ fi nǹkan tútù tu ọ̀nà ọ̀fun yín. Oòrùn yìí á pa yín." Ó ti gbé gíláàsì omi fún un.

Ramiro sọ̀kalẹ̀, ó ń dúpẹ́. Ó gbé omi sún mọ́ ẹnu. Ó wá rí tánkì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó fi ojú tẹ̀ lé páìpù rẹ̀ láti ìdí, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi wọ inú ilé.

Ó sọ gíláàsì kalẹ̀ kúrò lẹ́nu. Ó wò ó. Ó wá gbé ojú sókè wò mí níbi tí mo wà lórí àkàbà.

"Ọ̀gá. Ṣé kì í ṣe tánkì tí mo tà fún ọ nìyí?"

Mo ń wo Corinne.

"Tánkì oògùn koríko. Igi ni mo ní kí o fi bomi rin!" Ó yíjú sí Corinne. "Ìyá, kò sọ fún yín?"

Ó gbé gíláàsì náà sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbé ẹyin. Ó ní òun á wá ọ̀nà fúnra òun. Ó lọ, kò sì rántí gíláàsì. Gíláàsì náà já bọ́ ní ìkóríta, mo gbọ́ bó ṣe fọ́.

Corinne dúró síbi tó wà. Mo sọ̀kalẹ̀. Mo rò pé yóò pariwo. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ kó pariwo.

"Ó ń rùn," ni ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ náà gbọ́ òórùn ẹ̀?"

"Mo gbọ́ ọ, Corinne."

Ó mi orí. Ẹ kò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tú ká díẹ̀, bí ti ẹni tí wọ́n dá láre. Lẹ́yìn náà, ojú náà yí padà. Mo rí i nígbà tí ó yí padà. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lọ sí abẹ́ ikùn, ó tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ìyẹn ni pé èyí náà wà níbẹ̀ lóòótọ́."

"Èwo?"

"Nǹkan kan ń dùn mí níbí láti oṣù kejì. Ó ń le sí i. Ó ń tóbi." Ó wò mí. "Mo rò pé bíi ti omi ni. Mo rò pé inú orí mi ló wà."

A dé ilé ìwòsàn ní ọjọ́ kejì. Mo gbé ìgò omi tánkì náà dání, mo sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wọn láìfi ìkankan pamọ́. Wọ́n yẹ Corinne wò, wọ́n yẹ omi wò. Nígbà tí èsì jáde, dókítà obìnrin kan pè wá jókòó.

Ó ní, "Ẹ má mu omi yẹn mọ́. Nǹkan díẹ̀ wà nínú ẹ̀ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló fa èyí. Jẹjẹrẹ ilé ẹyin ni. Ì bá ṣẹlẹ̀ sí ìyá yìí kódà bí wọ́n bá ń gbé ní ààfin."

Mo mí kanlẹ̀. Mo jẹ́wọ́ fún yín pé inú mi dùn. Èmi kọ́ ni mo pa á. Inú mi dùn fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan.

Dókítà ní, "Ìgbà wo lẹ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, ìyá?"

"Oṣù kejì."

"Ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́fà. Ó ti tàn ká." Ó fi bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Ohun tí a lè ṣe nígbà yẹn ju ohun tí a lè ṣe nísinsìnyí lọ. Kí ló dé tí ẹ ò wá?"

Mo ń wo ilẹ̀. Mo ń retí kó na ọwọ́ sí mi.

Corinne ní, "Kò dá mi lójú pé nǹkan kan wà níbẹ̀ ni."

Nínú ọkọ̀, mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́.

"Kí n sọ kí ni?"

"Pé èmi ni."

"Alden, dókítà jẹjẹrẹ ni wọ́n. Wọn ò ní oògùn ìyẹn." Ó gbé orí lé fèrèsé. "Máa wo ọ̀nà."

Ilé Maxine ní ìlú Pueblo ni a gbé e lọ, torí ó sún mọ́ ibi ìtọ́jú. Iná kì í lọ níbẹ̀, omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ. Orí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni mò ń sùn. Mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, mo ń fi ṣíbí fún un ní ọbẹ̀ adìyẹ tí kò lè gbé mì. Ìyẹn ni Maxine àti àwọn ẹbí rí, tí wọ́n fi ń pè mí ní ọkọ rere. Corinne gbọ́ wọn. Kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tó kù díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè kéékèèké.

"Ṣé inú ilé tutù ni, àbí èmi ni?"

"Ìwọ ni. Inú ilé móoru."

"Ó dáa. Ṣé ọwọ́ mi ti wú?"

"Ó ti wú. Tòsì ju tọ̀tún lọ."

Mo ń dáhùn bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. N kò bù kún un, n kò sì bù kúrò. Bí ó bá bi mí bóyá ìrísí òun ti burú, mo ń sọ fún un. Maxine gbọ́ wa lọ́jọ́ kan, ó fa mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ṣé o ò ní àánú ni? O ò lè tan obìnrin tó ń kú jẹ díẹ̀?"

Mo ní mi ò lè ṣe é.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Corinne la ojú.

"Alden, ṣé mò ń lọ?"

Gbogbo ara mi fẹ́ sọ pé rárá. Ètè mi ti ṣe tán láti sọ ọ́. Irọ́ kò tíì dùn lẹ́nu mi tó báyẹn rí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí.

"Mo rò bẹ́ẹ̀."

"O rò ó re, Corinne. O kò ṣì í."

Ó pa ojú dé. Ó kú ní Ọjọ́bọ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, tí àwọn èèyàn ti lọ, Maxine ń fọ abọ́, mo ń nu ún. Ó sọ ọ́ láìwò mí.

"Ohun kan ṣoṣo ni mi ò lè dárí ẹ̀ ji àbúrò mi. Oṣù mẹ́fà! Ìrora ń jẹ ẹ́ fún oṣù mẹ́fà, kò sọ fún ẹnì kankan. Kí ló ń dúró dè?"

Mo lè dákẹ́. Corinne ti bò mí láṣìírí, ó sì ti gbé e lọ. Kò sí ẹlòmíràn tó máa ṣàlàyé fún Maxine.

Mo gbé abọ́ kalẹ̀, mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ ti tánkì, ti lébẹ́ẹ̀lì, ti jíùsì ápù, ti yẹ̀yẹ́ imú ìlú ńlá. Mo sọ ohun tí mo wí nídìí iná ata. Mo sọ ti mílíìkì. Kò dá mi dúró. Omi ẹ̀rọ ń dà, kò pa á.

Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ì bá sàn kí o fún un ní májèlé, kí o sì sọ fún un pé májèlé ni. Ì bá sáré lọ bá dókítà."

Ó ní kí n jáde kúrò nílé òun. Mo jáde. Láti ọjọ́ náà, kò gbé fóònù mi mọ́, èmi náà kò sì pè é mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹnìkejì nílé, n kò ní ẹ̀kọ́ púpọ̀ láti kọ́ yín. Bí ó bá sọ pé òun gbọ́ òórùn nǹkan kan, ẹ dìde kí ẹ bá a wá a. Bí ẹ bá ti parọ́ fún un, ẹ jẹ́ kí irọ́ náà dúró lórí nǹkan tí ẹ pa á nípa rẹ̀. Ẹ má gbé e wọ inú ara rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ bèèrè bóyá ó dárí jì mí. N kò bi í. Mo jókòó tì í fún oṣù mẹ́jọ, n kò bi í lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ̀ pé bí mo bá bi í, yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, torí pé irú ẹni tó jẹ́ nìyẹn. N kò sì ní mọ̀ bóyá òótọ́ ni, tàbí ó kàn fẹ́ kí n rí oorun sùn.